Owú Tí Mo Jẹ Nígbà Ìwọ́wé ní Ongar

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé òtútù ló kọ́kọ́ ń bá àlejò jà nílùú òyìnbó. Ní tèmi, owú ló kọ́kọ́ bá mi jà, òtútù wá gbè é lẹ́yìn. Oṣù kan náà làwọn méjèèjì jọ wọlé tọ̀ mí wá, nígbà tí ewé igi iwájú ilé wa ní Ongar, ní Dublin, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ọ̀nà tútù.

Èmi ò mọ̀wé. Tiwa, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ohun tí mò ń sọ yìí, òun náà sì ni ọmọ tí mo tìtorí rẹ̀ jowú. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà. Ní báyìí ó ti ga jù mí lọ, ó ń wo ẹnu mi bí ẹni pé ẹlòmíràn ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ò rántí púpọ̀ nínú rẹ̀. Èmi rántí.

Kọ́lá, ọmọ mi ọkùnrin, ló ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Fúnmi ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Kọ́lá náà kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a nílé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa sùn ti ọmọ, tí yóò wẹ̀ fún un, tí yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà iléèwé, tí yóò tún lọ mú un bọ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe nílùú òyìnbó nìyẹn. Ẹ má pè é ní iṣẹ́ kékeré.

Ní Ìgbòho tí mo ti wá, gàrí ni mò ń din. Láti ìgbà tí mo ti lè dúró ni iná ti mọ ojú mi. Mo rò pé mo mọ oòrùn, mo mọ ọyẹ́, mo mọ òjò. Kí ló tún kù nínú ojú ọjọ́? Lọ́jọ́ kan, mo rí oòrùn láti ojú fèrèsé, ó ń ràn yanran. Mo bọ́ súwẹ́tà sílẹ̀, mo so ìró, mo jáde. Oòrùn ń ràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbóná. Ó dà bí iná tí wọ́n yà sára ògiri. Atẹ́gùn gba abẹ́ ìró wọlé, ó gòkè dé àyà mi. Ojú mi ń ṣomi, imú mi ń ṣomi, ẹni tó bá rí mi á rò pé wọ́n túfọ̀ òkú fún mi láti ilé ni. Kó tó pẹ́, ètè mi là, gìgísẹ̀ mi sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Òrí tí mo gbé wá, tó jẹ́ pé fúnra rẹ̀ ló ń yọ́ nínú igbá nílé, le koko. Ṣíbí tí mo fi gbẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo jókòó, mo ń wo ṣíbí náà. Mo ní, bí òrí bá lè yí padà báyìí, kí ni èmi fẹ́ dà?

Èmi àti Tiwa la jọ ń sùn nínú yàrá kékeré tó wà lókè. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń wẹ̀ fún un, màá nù ún, màá fi ọwọ́ méjèèjì ra òrí títí yóò fi rọ̀, màá wá fi pa á lára láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Màá na apá rẹ̀, màá na ẹsẹ̀ rẹ̀, màá fi àtàǹpàkò mi méjèèjì rìn lẹ́yìn rẹ̀ láti ìdí lọ sókè, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ nílé wa. Yóò máa kùn bí olóńgbò. Tí a bá dùbúlẹ̀, yóò ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ àárín ojúgun mi, yóò sùn. Lójúmọ́, gbogbo ohun tó wà nínú ilé náà ló mọ iṣẹ́ rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ mi: ẹ̀rọ ń fọ aṣọ, ẹ̀rọ ń fọ abọ́, irin ara ògiri ń gbóná fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ yẹn bá ti ẹsẹ̀ bọ àárín ojúgun mi nìkan ni mo máa ń mọ ìdí tí mo fi wà níbẹ̀.

Ihò kan wà lára ògiri yàrá náà, lókè, nítòsí fèrèsé. Wọ́n fi ike funfun tó ní ojú wẹ́wẹ́ bo ẹnu rẹ̀. Tí atẹ́gùn bá ti dìde, ihò yìí á máa súfèé. Mo bi Kọ́lá pé ṣé àwọn tó kọ́lé gbàgbé ibẹ̀ ni.

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, Màmá. Kò sí ilé tí kò sí níbí."

"Ẹni tó ń sanwó kí ilé lè gbóná, òun náà ló tún lu ihò kí òtútù lè rọ́nà wọlé?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ bàtà, ó bá iṣẹ́ lọ. Mo ká àkísà ìró mi kan, mo gun àga, mo kì í bọ inú ihò náà. Súfèé dá wáí. Yàrá móoru. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sun oorun tí n kò sùn láti ìgbà tí mo ti dé, mo sì yin ara mi.

Àna mi, ìyá tó bí Fúnmi, ń gbé ní Finglas. Òun ti wà ní Dublin láti ìgbà tí àwọn èèyàn wa ti ń wá tọrọ ààbò níbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó ń wa mọ́tò, ó ń sọ gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Tiwa ń pè é ní Nana. Èmi, Màmá ló ń pè mí, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń pè mí, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè mí. Gbogbo ilé ló ń jẹ Màmá yẹn. Nana, ti Tiwa nìkan ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ó dé, ó gbé báàgì ńlá kan lọ́wọ́.

"Ẹ kú ilé o, Màmá."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Fúnmi. Ẹ kú ìrìn."

Tiwa ti sáré lọ so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó wo ọmọ náà sókè sódò. Mo ti wọ súwẹ́tà méjì fún un, mo fi kóòtù lé e, mo dé fìlà onírun fún un.

"Ṣé Tiwa fẹ́ lọ síbì kan ni?"

"Rárá. Ilé la wà."

"Kóòtù wá ńkọ́?"

"Òtútù ni."

"Ìta ni òtútù wà, Màmá. Tó bá wọ kóòtù nínú ilé, kí ni yóò wọ̀ tó bá jáde? Yóò làágùn síbí, òógùn yẹn náà ni yóò tutù mọ́ ọn lára lóde." Ó ti ń bọ́ ọ. Ó fa síńgílẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yọ nínú báàgì. "Èyí ni yóò kan ara. Kó rọ̀, kó fà mọ́ ọn. Ẹ fi ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn lé e. Irun àgùntàn ló kàn. Ẹ̀wù òjò, ó di ẹnu ọ̀nà. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù pẹ́nrẹ́n, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ nu àárín ọmọ ìka, ẹ wọ òmíràn fún un. Ìrì àti òjò ló ń ṣe wọ́n léṣe lásìkò yìí, kì í ṣe òtútù."

"Ẹ ṣeun."

"Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí Kọ́lá mú yín lọ gba abẹ́rẹ́. Àrùn òtútù ń bọ̀, kì í fojú re wo arúgbó."

"Ṣé ẹ̀yin kì í ṣe arúgbó ni?"

"Mo ti gba tèmi lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Mo wo ọmọ náà nínú aṣọ tó wọ̀ fún un. Ara rẹ̀ yá gágá, ó ń fò kiri, kò tún ràbàtà bí àpò òwú mọ́. Ohun tí Ìyá Fúnmi sọ dára. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn, pé ó dára. Ká ní ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gọ̀, ǹ bá sun oorun mi.

Láti ọjọ́ náà, Nana dé ẹnu Tiwa. Mo po ògì, ó ní Nana ní óòtì àwọn òyìnbó ló máa ń dúró pẹ́ nínú ikùn. Mo ní kó má ṣubú lórí ewé, ó ní Nana ti kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń rìn lórí ewé tútù, pé kí òun máa tẹ ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ èyí tó kù, tí èmi kì í gbọ́ ju orúkọ yẹn lọ. Àárín ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, Nana á yọ jáde bí eegun nínú ẹja.

Mo pe Àbẹ̀ní, àbúrò mi, ní Ìgbòho.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń jayé."

"À ń jẹ ẹ́. Ewé ń já."

"Ewé ń já níbí náà."

"Tibí kì í dún. Ti ilé wa lọ́hùn-ún á gbẹ, á máa dún wàràwàrà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Tibí á rin, á lẹ̀ mọ́ bàtà."

"Àna yín ńkọ́?"

"Ó wà. Ó ń wa mọ́tò kiri."

Àbẹ̀ní bú sẹ́rìn-ín. "Owú ọkọ lẹ ò jẹ nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọge, ẹ wá ń jẹ owú àna. Ẹ̀yin ṣáà lẹ bí bàbá ọmọ."

"Òun ló bí ìyá."

"Ọ̀dọ̀ yín ṣáà lọ́mọ ń sùn."

"Ìyẹn nìkan ni mo ní, Àbẹ̀ní."

"Ẹ yáa dì í mú, nígbà náà. Ẹ má jẹ́ kó já gbà."

Mo dì í mú. Mi ò ní í sọ pé gbogbo ọjọ́ ló korò. Mo ní ìṣẹ́gun tèmi náà. Bàbá òyìnbó kan wà ní ojúlé kejì tó máa ń wo ojú ọ̀run láàárọ̀, á sọ̀rọ̀ sí mi, á sì dúró de èsì. Mo kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn, gírándì, tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan dára. Tó bá ti sọ tirẹ̀ tán, màá ní gírándì, á rẹ́rìn-ín, á wọlé, inú àwa méjèèjì á dùn. Mo kọ́ bí mo ṣe lè fi ojú mọ òjò tó máa pẹ́ àti òjò tó kàn ń kọjá. Mo dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi ọwọ́ tọ́ka, mo ra ata ilẹ̀ àti oyin bọ̀, mo ń mu ún ní gbígbóná, ọ̀nà ọ̀fun mi sì gbà á. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí mo bá fi Tiwa sílẹ̀ ní iléèwé sí ìgbà tí màá lọ mú un, ẹnu mi kì í là. Fúnmi á máa sun oorun ọ̀sán lẹ́yìn iṣẹ́ òru, mi ò sì gbọdọ̀ gbé ìkòkò kan òmíràn. Nílé, tí mo bá húkọ́, ìyá ojúlé kẹta á ní pẹ̀lẹ́. Níbí, mo húkọ́, mo fúnra mi dá a lóhùn.

Òjò ò jẹ́ kí a lè sá aṣọ síta mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá a sórí irin tó ń gbóná nínú yàrá wa. Láàárọ̀, omi á máa ṣàn lójú dígí fèrèsé, màá fi àkísà nù ún. Mo rò pé ilé náà ń làágùn nítorí pé ó móoru dáadáa, mo sì kà á sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé kan ni ikọ́ mú Tiwa. Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú rẹ̀, Ìyá Fúnmi mú un lọ sí pápá, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta ewé kiri. Kí ọmọ náà tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni mo ti mọ ẹni tí mo máa dá lẹ́bi. Mo ní kí Kọ́lá tẹ̀ ẹ́ láago fún mi.

"Ìyá Fúnmi, ẹ gbé ọmọ rìn nínú atẹ́gùn."

"Atẹ́gùn kì í ṣe àrùn, Màmá. Ṣé ó rin ni?"

"Kò rin."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ikọ́ ni mo ní ó ń wú, mi ò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀."

"Ẹ má bínú. Mo máa wá wò ó tí mo bá ráyè lẹ́nu iṣẹ́."

Mi ò dúró dè é. Mo gbé ìkòkò omi híhó wọ yàrá, mo fi ewé efinrin gbígbẹ sí i, mo bo ọmọ náà mọ́ ọn. Mo sé fèrèsé, mo sé ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe ń ṣe é tó ni ikọ́ náà ń wọlẹ̀ sí i. Lálẹ́, àyà rẹ̀ á máa hán bí ewìrì. Dókítà wò ó, ó ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́, ó bi Fúnmi bóyá ilé gbẹ. Fúnmi ní ilé tuntun ni.

Nígbà tí Ìyá Fúnmi dé, kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ lára. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń fa imú.

"Màmá, òórùn kí nìyí?"

"Òórùn efinrin ni."

"Mo mọ efinrin. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mò ń bi yín."

Kò dúró kí n dáhùn. Ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, ó fà á. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti bu. Ó dúdú tótòtó láti ilẹ̀ dé ibi tí orí Tiwa ń wà lórí ìrọ̀rí, bí ìdí ìkòkò àdògán. Ó gbójú sókè wo ihò.

"Ta ló dí ibẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni. Òtútù ń gba ibẹ̀ wọlé."

Ó bọ́ bàtà, ó gun àga, ó fa àkísà náà. Ó jáde ní tútù rìnrìn, ó gùn, ó ń kán omi, bí ìfun ẹran.

"Ibí ni ilé fi ń mí, Màmá. Ẹ ti dí i nímú. Èémí yín, èémí ọmọ, omi aṣọ, omi ìkòkò, gbogbo rẹ̀ ò rí ibi gbà jáde."

"Ilé tí mo kọ́ ní Ìgbòho ò ní imú."

"Ṣé òrùlé rẹ̀ kan ògiri pinpin?"

Àlàfo wà láàárín òrùlé àti ògiri níbẹ̀, àwọn ológoṣẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n ń gba ibẹ̀ jáde. Ó mọ̀ pé mo ń rò ó. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Fúnmi ló dá ẹjọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí Tiwa lọ sí Finglas, kí ikọ́ yìí lọ tán, ká rí yàrá fọ̀." Ẹni tó bá kúnlẹ̀ fún ọ ti gba ìbínú lọ́wọ́ rẹ. Mo ní kò burú. Tiwa gbé báàgì rẹ̀ kékeré kọ́ ẹ̀yìn, ó ju ọwọ́ sí mi láti inú mọ́tò Nana rẹ̀. Kò sunkún. Mo ti ń retí pé kó sunkún díẹ̀.

Mo fọ ògiri náà. Kọ́lá ní òun á wá èèyàn, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó. Mi ò dí ihò mọ́, mò ń ṣí fèrèsé láàárọ̀, mo kó aṣọ tútù kúrò níbẹ̀. Tó bá di alẹ́, ihò á máa súfèé, èmi á wé orí, màá wọ ìbọ̀sẹ̀, màá dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tó ti fẹ̀ jù. Mo máa ń ronú nípa ilé Finglas. Màá rí Tiwa lórí ìrọ̀rí tó mọ́, rọ́bà omi gbígbóná lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àna mi á máa fi gẹ̀ẹ́sì pa àlọ́ fún un. Mo jowú ìrọ̀rí. Mo jowú rọ́bà omi gbígbóná. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà nílé baba rẹ̀ lè pàdánù nǹkan mẹ́wàá, kó ṣì mọ ẹni tí òun ń jẹ́. Èmi, okùn kan ṣoṣo ni mo fi so mọ́ ilẹ̀ yẹn, ó sì ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó ń ṣe mí bíi pé tí mo bá kó ẹrù mi, tí mo padà sí Ìgbòho, àfi tí aṣọ ìdọ̀tí bá kún apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa tó mọ̀ pé mo ti lọ.

Ó di àárọ̀ Sátidé kan, fóònù Kọ́lá dún. Ó gbé e lé mi létí.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Ẹ máa bọ̀."

"Kí ló dé? Ikọ́ yẹn ni?"

"Ikọ́ ti lọ. Ara ló ń yún un. Awọ rẹ̀ gbẹ, ó ń họ ọ́ títí ó fi bó lẹ́yìn orúnkún. Mo ti fi gbogbo ìpara tó wà nílé mi pa á, ó ní ó ń ta òun. Ó ní kí n rìn lẹ́yìn òun. Mi ò mọ irú ìrìn wo ló ń sọ."

Mo gbọ́ ẹkún Tiwa lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí owú lè sọ èèyàn dà: ọmọ ọmọ mi ń sunkún, inú mi sì dùn bí ẹni pé wọ́n jẹ mí lóyè. Mo so ìró, mo gbé igbá òrí. Mo ti wà nínú mọ́tò kí Kọ́lá tó rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ilé àna mi mọ́. Ó gbóná, ó gbẹ, fèrèsé kan ṣí ní ìwọ̀n ìka kan. Tiwa wà lórí àga nínú aṣọ ìnura, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo bèèrè ṣíbí tí mo máa fi gbẹ́ òrí.

"Ẹ má gbẹ́ ẹ," Ìyá Fúnmi ní. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan tí àgbá omi gbígbóná wà nínú rẹ̀, tí ó kó aṣọ ìnura lé lórí. "Ẹ gbé e síbí. Kò ní í le mọ́ láé."

Irú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wà nílé Kọ́lá. Ojoojúmọ́ ni mò ń mú aṣọ ìnura níbẹ̀. Mo sì ti ń wa òrí láti ìgbà tí mo ti dé, bí ẹni ń wa kùsà. Ẹ wò ó bí obìnrin yìí ṣe rí. Nínú ilé rẹ̀, lọ́jọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ pè mí, ó tún rí nǹkan kọ́ mi.

Òrí yọ́. Mo ní kó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan ara ọmọ náà, kó má nù ún gbẹ tán. Mo gbé Tiwa sẹ́sẹ̀, mo pa á, mo nà án, mo fi àtàǹpàkò rìn lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dákẹ́. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tó fi sùn lọ lórí itan mi. Ìyá Fúnmi jókòó sórí àga tó kọjú sí wa, ó ń wo ọwọ́ mi. Nígbà tó yá ó ní:

"Wọ́n ṣe é fún èmi náà. Ìyá ìyá mi ni. Ọwọ́ mi ti gbàgbé rẹ̀, Màmá. Láti ìgbà tí mo ti wà níbí, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni mo fi ń fọwọ́ kan èèyàn."

"Fúnmi ńkọ́, nígbà tó wà ní kékeré?"

"Mo ń sáré lọ síbi iṣẹ́."

Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ojúgun rẹ̀ gbẹ, ó ń bó bí èèpo igi. Òun tó ń kọ́ gbogbo wa bí a ṣe ń tọ́jú ara.

"Ẹ fi díẹ̀ kàn án, ká wò ó."

Mo fi èyí tó kù lọ́wọ́ mi pa á. Mi ò bu òmíràn. Ìyẹn náà tó o, lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà mu ún bí ìgbà tí omi bá kán sórí yanrìn, obìnrin náà sì di ojú. Mo na ọwọ́ sí igbá, mo bu òmíràn, mo mú ẹsẹ̀ kejì.

"Tiwa ń bá mi lọ lónìí," mo ní.

"Ihò ògiri ńkọ́?"

"Ó ṣí."

"Ẹ búra."

"Mi ò ní í torí ihò búra, Ìyá Fúnmi."

Ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní kó rọra kó má jí ọmọ. Ó ní, "Ẹ máa mú un lọ. Sátidé ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Kó máa sun ọ̀dọ̀ mi ní Sátidé."

"Gbogbo Sátidé?"

"Gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà tí àìsàn bá ń ṣe é nìkan ni kẹ́ ẹ máa gbé e wá fún mi."

Ó dùn mí bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé mi. Mo wo ojúgun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ní mo gbọ́.

Kọ́lá ti lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà Ìyá Fúnmi ló fi mọ́tò gbé wa lọ sí Ongar. Òjò bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Tiwa wà lẹ́yìn, oorun ò tíì dá lójú rẹ̀, ẹ̀wù òjò rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ nítorí pé inú mọ́tò gbóná. Àna mi ń sọ fún mi láti iwájú bí wọ́n ṣe ń se óòtì tí kì í fi í di kókó, mo ń ní hùn, hùn. Ibi tí a ti ń yà sí ojú ọ̀nà ilé ni Tiwa ti yí orí, tó ṣí ẹnu lójú oorun, ó ní, "Nana."

Ẹni tó pè ò gbọ́. Òjò ń lu orí mọ́tò, ọ̀rọ̀ óòtì kò sì tíì tán lẹ́nu rẹ̀. Mo lè sọ fún un. Inú rẹ̀ ì bá dùn títí di Sátidé tó ń bọ̀. Mo tẹ̀ síwájú, mo fi ẹnu kan etí ọmọ náà, mo ní, "Hùn-ún. Mo wà níbí."

Ó sùn lọ.